Ìyá Àgbà Tó Ń Wúkọ́ ní Kọ́nà Òsì

                                        Ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá (èyí tuntun),
                                        Ẹ̀gbẹ́ Ilé Alágbàfọ̀.
                                        Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹta.

Jáàkì ọ̀rẹ́ mi, ọ̀rẹ́ tó ti di ọmọ ìyá,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó wa ńkọ́, ṣé ara ẹ̀ ti mókun láti ìgbà tó bímọ? Ọmọ tuntun ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kẹ́ ẹ sùn, àbí ohùn ẹ lòun náà gbé wáyé? Ìyá wa tó wà lọ́dọ̀ yín ńkọ́, ṣé orúnkún tó ń dùn wọ́n ti rọlẹ̀? Bá mi kí wọn dáadáa. Sọ fún wọn pé èmi Sípánà ò tíì gbàgbé ìgbátí tí wọ́n gbá mi lọ́jọ́ tá a fi ṣíbí ìdáná wọn tú táyà. Ara tèmi náà le. Ìyàwó mi ní kí n kí yín, ó tún ní kí n má sọ̀rọ̀ jù nínú lẹ́tà, pé àwọn tó máa kà á níṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Mo ti gbọ́. Tó o bá sì rí i pé ìkọ̀wé mi burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, má dá mi lẹ́bi, ṣọ́bìrì ló fà á. Màá dé ibẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ sọ fún ẹ yìí, kò sẹ́ni tó máa gbà á gbọ́. Èmi tó ṣojú mi gan-an, ìdajì ẹ̀ ni mo gbà. Mo sọ ọ́ fún ìyàwó mi, ńṣe ló sún mọ́ mi, ó gbóòórùn ẹnu mi, ó sì padà sídìí iṣẹ́ ẹ̀. Ìwọ nìkan ló kù.

O mọ̀ pé wọ́n lé wa kúrò ní ṣọ́ọ̀bù àtijọ́, níbi tí Ọ̀gá ti kọ́ àwa méjèèjì níṣẹ́. Onílé fẹ́ fi ibẹ̀ kọ́lé. Ó ti lé lọ́dún kan tá a ti kó débí, ìwọ ò sì tíì wá wò ó. Àgbàlá ni. Ó fẹ̀ dáadáa. Yẹ̀pẹ̀ àti òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀, wọ́n fi nǹkan tó wúwo tẹ̀ ẹ́ títí tó fi le. Páànù ló bo apá kan. Lọ́wọ́ ọ̀tún, ògiri ni. Lọ́wọ́ òsì, alágbàfọ̀ kan ló ń gbé ibẹ̀, ìyá àgbàlagbà kan tó ń fọṣọ, tó ń lọṣọ, tí mi ò sì tíì rí eyín ẹ̀ rí. Ilẹ̀kùn ẹ̀ dojú kọ àgbàlá wa.

Ìyá yìí, kò sọ́jọ́ tí ò ní wá bá wa pé omi tá a fi fọ mọ́tò ti ṣàn dé ẹnu ọ̀nà òun, pé gírísì inú ẹ̀ ti ta sí aṣọ funfun àwọn oníbàárà òun. Ọ̀gá á ní, "Ẹ má bínú, Màmá." Lọ́jọ́ kejì, omi á tún ṣàn. Ọ̀gá á tún ní, "Ẹ má bínú, Màmá." Nígbà tó yá, ó dà bíi pé bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn káàárọ̀ nìyẹn. Lọ́jọ́ tí kò bá wá, Ọ̀gá á ní kí n lọ wò ó bóyá ara ẹ̀ ò yá.

O rántí àmì roboto mẹ́rin tí Ọ̀gá fi ọ̀dà funfun kùn sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù àtijọ́. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ wà lórí ẹ̀ gẹ́lẹ́ kí Ọ̀gá tó fọwọ́ kan kábúrétọ̀ mọ́tò eré ìje kankan. O rántí ọjọ́ tí táyà ẹ̀yìn kan ṣì í ní ìwọ̀n ìka kan péré, tí Ọ̀gá ní kó o gbé mọ́tò jáde sí títì, kó o tún un gbé wọlé bí ẹni tó níwà. Ọjọ́ tá a kó débí, ká tó tú ẹrù kankan, okùn ni Ọ̀gá kọ́kọ́ fà yọ. Ó ti fi okùn yẹn wọn àmì ọ̀hún níbi àtijọ́, ó ti ta kókó síbi tó yẹ. Èmi di orí kan mú, òun di ìkejì mú. Ó wọn iwájú, ó wọn ẹ̀yìn, ó wọn ẹ̀gbẹ́, ó wọ̀n ọ́n láti igun dé igun. Ó kùn ún. Ó dìde, ó gbọn eékún, ó ní, "A ti délé." Fi okùn yẹn sọ́kàn.

Mọ́tò tí ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí, o mọ̀ ọ́n. Ìyá Àgbà ni, mọ́tò pupa Baba Eléyín, dókítà tó ń yọ eyín àwọn èèyàn láti ọjọ́ Ajé títí di Ẹtì, tó wá ń fi Àbámẹ́ta bá àwọn mọ́tò àtijọ́ sáré ìje. Ìyá Àgbà jù mí lọ lọ́jọ́ orí, ó sì jù mí lọ lágbára. Lọ́dún tó kọjá ni kábúrétọ̀ tí wọ́n bí i mọ́ sán. Ọ̀gá wá ra òmíràn tó tóbi jù ú lọ, èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún eré ìje, ó gbé e lé e. Nínú àgbàlá tuntun yìí, kábúrétọ̀ eré ìje tá a kọ́kọ́ fọwọ́ kàn nìyẹn. Àwọn mọ́tò yòókù tó ń wọlé, mọ́tò tó ń gbéèyàn lọ síbi iṣẹ́ ni. Ìyẹn, bó o bá fi gààrì dí i, á ṣáà gbé ẹ dé ibi tó ò ń lọ.

Lójú ọ̀nà tó gún, Ìyá Àgbà ń lọ bí ọ̀rọ̀ burúkú. Àmọ́ kọ́nà ọwọ́ òsì kan wà ní pápá ìsáré náà tó gùn, tó yọ bọ̀ǹbọ̀, tó jẹ́ pé o ó rò pé ó ti tán, kò ní tíì tán. Ikùn Aboyún ni àwọn awakọ̀ ń pè é. Tí Ìyá Àgbà bá ti dé àárín Ikùn Aboyún, á wúkọ́, á dákẹ́ bí ẹni tó gbàgbé orúkọ ẹ̀, kó tó tún jí.

Ìwọ mọ ohun tó ń fa irú ẹ̀, àmọ́ mo mọ̀ pé ìyàwó wa máa ka lẹ́tà yìí ṣáájú ẹ, jẹ́ kí n là á fún un. Nínú kábúrétọ̀, èyí tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì, ìkòkò kékeré kan wà tí epo ń dúró sí. Fúlótà ń léfòó nínú ẹ̀, bíi èyí tó wà nínú táǹkì omi, òun ló ń sọ fún epo pé ó tó. Tí mọ́tò bá wá ń sáré yí kọ́nà tó gùn, epo inú ìkòkò yẹn á sá lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí omi inú korobá tí ẹni tó gbé e ń sáré. Tí epo bá ti kéré tẹ́lẹ̀, ẹnu jẹ́ẹ̀tì, páìpù tín-ín-rín tó ń fà á mu, á gbẹ, ẹ́ńjìnnì á sì wúkọ́. Tó bá sì pọ̀ jù, á dà síta, á tún wúkọ́ náà. Bó ṣe máa mọ níwọ̀n lọ́rọ̀ wà. Ihò kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò náà tí wọ́n fi nọ́ọ̀tì dí. O ó tú nọ́ọ̀tì yẹn, epo gbọ́dọ̀ dúró lẹ́nu ihò, kó má ṣàn, kó má sì lọ sísàlẹ̀, "bí omijé lójú ẹni tí ò tíì fẹ́ sunkún." Ọ̀rọ̀ Ọ̀gá nìyẹn, o rántí.

Ọ̀gá gbé Ìyá Àgbà dúró lórí àmì, ó tú nọ́ọ̀tì. Omijé dúró lójú. Ó ní epo kọ́ nìyẹn, jẹ́ẹ̀tì ni. Ó fi jẹ́ẹ̀tì tó lẹ́nu gbòòrò sí i. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Ìyá Àgbà rú èéfín dúdú tó jẹ́ pé àwọn tó wà lẹ́yìn ẹ̀ tan iná. Ó dé Ikùn Aboyún, ó tún wúkọ́. Baba Eléyín sọ̀ kalẹ̀, eyín ẹ̀ nìkan ló funfun lára ẹ̀. Ó ṣáà ń polówó iṣẹ́ ẹ̀ ní tiẹ̀.

A dá jẹ́ẹ̀tì padà. Lọ́jọ́rú, Ọ̀gá ní òun fẹ́ kí ẹnì kan jókòó nínú mọ́tò, kó gbọ́ ohun tí ẹ́ńjìnnì ń sọ gan-an ní kọ́nà. Ìbàdí òun fúnra ẹ̀ ò gbà á mọ́. Jáàkì, èmi ló wò. Wọ́n de bẹ́líìtì mọ́ mi bí ẹni pé ẹrù orí ọkọ̀ ni mí. Bá a ṣe ń já wá lójú ọ̀nà tó gún, tí mo la ẹnu sílẹ̀ nítorí pé mi ò rántí bí wọ́n ṣe ń pa á dé, Baba Eléyín wò mí, ó ní, "Èyí tó wà lẹ́yìn lápá òsì yẹn, ó yẹ ká yọ ọ́." Mo ní, "Ẹ yọ gbogbo ẹ̀, sà, ẹ ṣáà máa wo iwájú." A dé Ikùn Aboyún. Ìyá Àgbà wúkọ́, ó dákẹ́, ó tún jí lójijì, ìdí ẹ̀ sì lọ sápá ibi tí ojú wa ò lọ. A kúrò lójú ọ̀nà, a lọ kí àwọn táyà àlòkù tí wọ́n tò sẹ́bàá koríko. Kò sẹ́ni tó fara pa. Táyà kan jókòó síwájú mi lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì bí ẹni tó fẹ́ bá wa lọ.

Ọ̀gá sáré dé. Ó ní, "Kí lo gbọ́?"

Mo ní, "Orúkọ ìyá mi."

"Ta ló pè é?"

"Èmi ni, sà."

Kò rẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ti wọ̀ ọ́ lára.

Baba Eléyín di Ọ̀gá lọ́wọ́ mú, wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Ọ̀gá, ọdún mẹ́tàlélógún la ti jọ ń bọ̀. Mi ò tíì fi mọ́tò yìí han ẹlòmíì rí. Àmọ́ mi ò fẹ́ kú sí kọ́nà. Tó bá tún wúkọ́ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, màá gbé e fún àwọn ọlọ́kọ̀ǹpútà." Àwọn ọlọ́kọ̀ǹpútà ni àwọn tó wà ní òdì kejì títì, tí wọ́n máa ń yọ kábúrétọ̀ dànù, tí wọ́n á fi kọ̀ǹpútà sí mọ́tò kó máa bá a fọ́n epo. Ọ̀gá ní, "Ẹ ò jẹ̀bi."

Lọ́jọ́bọ̀, kò ṣiṣẹ́. Ó jókòó sórí àga táyà ẹ̀, ó tan Ìyá Àgbà, ó di ojú, ó ń gbọ́ ọ. Ó pa á. Ó tún tàn án. Lẹ́yìn náà ló pè mí. Ó ní, "Sípánà, etí mi ti lọ." Mo ní etí kankan ò lọ. Ó ní, "Níbí, mo ń gbọ́ ọ pé ó pé. Ó dé pápá, kò pé. Nínú èmi àti mọ́tò, ẹnì kan ń parọ́, mọ́tò kì í parọ́." Ó fa agolo bisikíìtì yẹn jáde, èyí tó ń kó àwọn jẹ́ẹ̀tì sí, tó fi bébà dì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, tí kì í jẹ́ ká fọwọ́ kàn nígbà tá à ń kọ́ṣẹ́. Ó gbé e fún mi. Ó ní, "Máa lò ó."

Ọ̀rẹ́ mi, mo ti ń fojú sí agolo yẹn lára látọjọ́ tí mo ti wà lọ́mọ ìkọ́ṣẹ́. Nígbà tó dọ́wọ́ mi, mi ò mọ ibi tí màá gbé e sí. Mo gbé e sórí tábìlì, mo gbé e kúrò. Mo ń rò ó pé, èèyàn á fi ogójì ọdún gbẹ́kẹ̀ lé etí ara ẹ̀, etí ọ̀hún ò já a kulẹ̀ rí, ọjọ́ tí nǹkan bá kàn wọ́, òun gan-an ni yóò kọ́kọ́ mú bí olè. Kò bi kábúrétọ̀. Kò bi èmi. Ara ẹ̀ ló lọ fẹ̀sùn kàn. Bóyá bí ẹni tó mọṣẹ́ ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Èmi tí mi ò mọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ẹlòmíì ni mo kọ́kọ́ máa ń dá lẹ́bi, mo sì ń sùn dáadáa.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Ọ̀gá ránṣẹ́ pe Baba Eléyín. Ó ní kí n fọ Ìyá Àgbà kó mọ́, pé òun fẹ́ fà á lé olówó ẹ̀ lọ́wọ́ pẹ̀lú iyì, kí òun sì wí fún wa pé òun ò ní fọwọ́ kan kábúrétọ̀ mọ́. Mo fọ̀ ọ́ lórí àmì funfun ọ̀hún. Omi lọ síbi tó máa ń lọ. Ọ̀gá wọ ẹ̀wù tó mọ́, ó dìde dúró. Àwa mẹ́ta péré la wà níbẹ̀, àmọ́ ó sọ̀rọ̀ bí ẹni tó rí ọgọ́rùn-ún èèyàn. Ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, ohun tó bá ní ìbẹ̀rẹ̀..."

Ilẹ̀kùn alágbàfọ̀ ṣí. Ìyá náà na ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan sókè, ilà dúdú gba àárín ẹ̀ kọjá.

Ó ní, "Ta ló fọ mọ́tò?"

Ọ̀gá ní, "Ẹ má bínú, Màmá. Ọ̀rọ̀ ńlá là ń sọ lọ́wọ́. Etí mi ló ti..."

"Ọ̀rọ̀ etí yín ni mo bá wá. Ó ti pé ọdún kan tí mo ti ń sọ ọ́, ẹ̀ ń bẹ̀ mí pé kí n má bínú. Èmi ò bínú. Ilẹ̀ yín ló fì. Ó ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wá sọ́dọ̀ mi látorí ògiri yẹn. Omi niṣẹ́ mi, mo mọ ibi tó ń lọ. Àbí ẹ̀yin ti rí omi tó ń gun òkè?"

Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Ọ̀gá ṣì na ọwọ́ tó fi ń sọ̀rọ̀ sókè. Ó wo omi tó wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Ó fojú tẹ̀ lé e láti abẹ́ táyà ọ̀tún, ó gba abẹ́ táyà òsì, títí dé ẹnu ọ̀nà ìyá náà. Ó wá wo ihò kékeré tó wà lára kábúrétọ̀. Apá òsì ni ihò ọ̀hún wà, ó dojú kọ ilé alágbàfọ̀ gbọ̀ngbọ̀nrán. Ó ní, "Sípánà, bu omi sínú páànù ìfọǹkan, kún un dé ìdajì." Ó gbé e sáàárín àmì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí páànù lápá òsì. Lápá ọ̀tún, ó fi ìka mẹ́ta lọ sísàlẹ̀.

Ó ti yé ẹ. Epo inú ìkòkò ti fara ti apá òsì, ó ti dé ẹnu ihò kó tó tó. Ọ̀gá rí omijé, ó ní ó pé. Gbogbo ìgbà tó sì fẹ́ ṣàn, ńṣe ló ń dín in kù. Tí mọ́tò bá wá dé pápá tó tẹ́jú, epo á lọ sísàlẹ̀, jẹ́ẹ̀tì á máa fà á tìyàtìyà, Ikùn Aboyún á sì parí ẹ̀. Okùn Ọ̀gá wọn ìbú, ó wọn òró, àmọ́ ta ló ń fi okùn wọn bí ilẹ̀ ṣe tẹ́jú? Níbi àtijọ́, bíríkìlà kan ti bá wa wọ̀n ọ́n nígbà tó ń da sìmẹ́ǹtì, a ò sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ rí. Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ló ń báni rí tẹni.

Baba Eléyín ní, "Ọ̀gá, ẹ ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́."

Ọ̀gá ní, "Ẹ wá bá mi gbé pákó."

A fi jáàkì gbé apá òsì, a ń ki pákó sábẹ́ táyà títí omi inú páànù fi tẹ́jú. Ọ̀gá tú nọ́ọ̀tì. Ihò gbẹ fúrúfúrú. Kò sí omijé, kò tiẹ̀ sẹ́ni tínú ẹ̀ bàjẹ́. Ó ń yí fúlótà díẹ̀díẹ̀, ó ń dúró, ó ń wò ó, títí epo fi dé ẹnu ihò tó sì dúró síbẹ̀.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Baba Eléyín ní kí n wá jókòó ti òun. Mo ní orí ń fọ́ mi, pé mi ò fẹ́ kó fọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀gá lọ dúró sẹ́yìn wáyà lẹ́bàá Ikùn Aboyún, ó di ojú. Ìyá Àgbà wọ kọ́nà yẹn, ó yí i, ó yí i, ohùn kan náà ló fi wọlé tó fi jáde, bí aṣọ tí ẹni tó mọ aṣọ ń fà ya. Ìgbà mẹ́jọ ló yí i, Ọ̀gá ò la ojú. Ẹnì kẹrin ló ṣe nínú mẹ́sàn-án, àmọ́ bí Baba Eléyín ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń rìn bí ẹni tó ṣe ìkíní. Ó ní, "Ọ̀gá, kò wúkọ́."

Ọ̀gá ní, "Mo gbọ́."

Láàárọ̀ òní, bí mo ṣe dé ṣọ́ọ̀bù, Ọ̀gá ò kí mi. Ó kàn nawọ́. Mo gbé agolo bisikíìtì fún un. Mi ò mọ̀ pé inú mi lè dùn tó bẹ́ẹ̀ sí ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi.

Kí n tó parí ẹ̀, bá mi kí ìyàwó wa, kó o fi ẹnu ko ọmọ lẹ́nu fún mi. Kí àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ níbi iṣẹ́, kódà èyí tó o ní ó máa ń jí ẹ ní sípánà. Ọ̀gá ní kí o wá kí òun kó tó pẹ́. Tó o bá ń bọ̀, mú ṣọ́bìrì kan dání, torí bí ọ̀rọ̀ ṣe parí nìyí.

Lẹ́yìn tó gba agolo ẹ̀, Ọ̀gá tún wọ ẹ̀wù tó mọ́ yẹn, ó ní kí n tẹ̀ lé òun lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá alágbàfọ̀. Ìyá ń lọṣọ. Ọ̀gá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti já a lẹ́nu lọ́jọ́ Ẹtì. Ó ní, "Màmá, ẹ ò lè mọ ohun tẹ́ ẹ ṣe fún mi. Ogójì ọdún..."

Ìyá ò gbójú sókè. Ó ní, "Ẹ ti fi pákó gbé mọ́tò kí epo tiẹ̀ lè dúró jẹ́ẹ́. Omi tèmi ṣì ń wọlé. Ẹ lọ gbẹ́ gọ́tà."

                                        Èmi ni, tìẹ tọkàntọkàn, tọwọ́ tó ti bó,
                                        Sípánà